Èmi tí Kọ̀ǹpútà Sọ Di Kóró Ata

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Mo kí ẹsẹ̀ rẹ tó ń gun àtẹ̀gùn ilé gíga lójoojúmọ́, mo kí ojú rẹ tó ń wo iná kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ dalẹ́, mo sì kí kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀, torí o ní òun ló ń bọ́ ọ, èèyàn kì í sì í bú ẹni tó ń bọ́ ọmọ òun láì kọ́kọ́ kí i. Ọlọ́run á jẹ́ kí o pẹ́ ju àga tí o jókòó lé lọ. Ẹ̀yìn ò ní dùn ọ́, ojú ò ní ro ọ́, ẹni tó bá ń wá bí o ṣe máa dìde níbi iṣẹ́ rẹ, àga tiẹ̀ á yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ara èmi náà le, àfi orúnkún, ìyẹn sì ti di àlejò tí ò mọ ilé lọ mọ́. Àbúrò rẹ wà, ó ń jẹun bí ẹni tí wọ́n gbéṣẹ́ oúnjẹ fún. Adìẹ dúdú yẹn yé ẹyin mẹ́sàn-án, ó pa méje, ó wá ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo jẹ méjì tó kù. Ìkíni parí síbẹ̀. Ìjà ló kù.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, má yí ẹ̀yìn lẹ́tà yìí wò bóyá wàá rí orúkọ ẹni tó bá mi kọ ọ́. Mo mọ̀ pé ohun tó kọ́kọ́ sọ sí ọ lọ́kàn nìyẹn. Wàá máa rò pé Tíṣà Àgbà tó máa ń bá mi kọ lẹ́tà ni. Kì í ṣe òun. Ọwọ́ Tíṣà Àgbà ti ń gbọ̀n, kò sì lè kọ irú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí láì kọ́kọ́ jókòó gbà mí nímọ̀ràn. Ní sùúrù, a máa débẹ̀.

Ohun tí o fi rán awakọ̀ sí mi ti dé. Páìpù ni mo rí. Mo ní ọmọ mi ṣeun, ó rántí pé ẹ̀rọ omi ẹ̀yìnkùlé ń jò, mo ní kí àbúrò rẹ gbé e lọ bá ọkùnrin tó ń tún omi ṣe. Ọkùnrin yẹn ti fi ayùn lé e kó tó rí i pé ìwé ló wà nínú rẹ̀. Ìwé wo nìyẹn, tó fẹ̀ tó ẹní. A tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní pálọ̀, a fi bàtà mẹ́rin tẹ igun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwòrán roboto bí ìdí ife ló kún un, roboto kékeré, roboto ńlá, pupa, búlúù, yẹ́lò. Mo bú sẹ́kún. Mo ní fọ́tò inú ikùn ta nìyí, ta ló ń ṣàìsàn nínú wa tí ẹ ò sọ fún mi. Àbúrò rẹ ló pè ọ́ lórí fóònù, ìwọ lo wá sọ pé kì í ṣe ikùn ẹnikẹ́ni, pé iṣẹ́ bàbá yín ni, gbogbo ewì inú ìwé ìkọ̀wé wọn mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tí o wálé wá fi fóònù yà ní fọ́tò lójú ewé kọ̀ọ̀kan fún odindi ọjọ́ mẹ́ta. Mo rántí ọjọ́ yẹn dáadáa. Mo kìlọ̀ fún ọ pé fóònù yẹn á wúwo. Ní ọjọ́ kejì mo gbé e wò, ó ti wúwo sí i. O rẹ́rìn-ín mi. Ó lè jẹ́ pé ọwọ́ mi ló rẹ̀ lóòótọ́, ohun tí mo gbé ni mo ń sọ.

O ní o kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé kó ka gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, pé iṣẹ́ bàbá yín ti di dátà. Mo mọ dátà. Òun ni àbúrò rẹ máa ń sọ pé ó tán ní gbogbo ìgbà tí mo bá ní kó pè ọ́. Mo sọ fún un pé tó bá fi ewì bàbá rẹ̀ wo bọ́ọ̀lù, èmi àti òun ló máa jọ rí i.

O tún ní kọ̀ǹpútà ka ìwé mọ́kànlélọ́gbọ̀n náà tán kí omi tó hó lórí iná. Ṣé o rò pé inú mi máa dùn? Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni bàbá yín fi kọ ọ́, lábẹ́ àtíbàbà, tí kẹ̀kẹ́ ológeere dorí kodò níwájú wọn, tí gíríìsì kún èékánná, tí àwọn oníbàárà ń pariwo pé ṣé kẹ̀kẹ́ lẹ ń tún ṣe ni àbí ìwé lẹ ń kọ. Mo bi ọ́ nígbà yẹn pé, tó ń ka á lọ yẹn, ó rẹ́rìn-ín níbì kankan? Ẹni tó bá ka ìwé bàbá yín láì rẹ́rìn-ín, kò kà á. Ó kàn gba orí rẹ̀ kọjá bí ewúrẹ́ tó gba orí aṣọ tí a sá.

Àbí irú ìwé kíkà wo ló gbé ewì àna sí búlúù? O ní àwọ̀ lo fi mọ inú ewì, pupa fún ìbínú, yẹ́lò fún ayọ̀, búlúù fún ìbànújẹ́. O wá ní ewì tó búlúù jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ọkùnrin sísanra tó gun kẹ̀kẹ́ tuntun lọ kí àwọn àna rẹ̀, tí ìjókòó já lábẹ́ rẹ̀ lójú gbogbo wọn. Ìwọ ọmọ yìí, ìwọ tí ewì yẹn ti ń pa lẹ́rìn-ín láti kékeré, tí o máa ń ní kí wọ́n tún un kà. O ní ọ̀rọ̀ ẹkún wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀méje. Ó wà níbẹ̀. Ìyá ìyàwó sunkún, bàbá ìyàwó sunkún, ìyàwó fúnra rẹ̀ fi etí aṣọ bo ẹnu, ó ń sunkún, ẹ̀rín ló ń pa gbogbo wọn kú lọ. Kọ̀ǹpútà rẹ ka omi ojú, kò bèèrè ohun tó fà á.

Ìyẹn ò dùn mí tó èyí tó kù. O ní bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣe pọ̀ tó nínú ìwé wọn ni roboto rẹ̀ máa ṣe tóbi tó. Ó dáa. Mo wo ìwé. Táyà ló tóbi jù, ìgbà ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá. Mo gbé táyà àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé wá, mo gbé e lé e, ó kù díẹ̀ kó bá a mu. Lẹ́yìn táyà, ọ̀nà. Lẹ́yìn ọ̀nà, òjò. Ṣéènì tóbi bí abọ́ ìfọṣọ. Ajá aládùúgbò wa, ajá gbígbẹ yẹn tó kú, tí ò ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni nígbà ayé rẹ̀, roboto tiẹ̀ tó àwo ìjẹun. Aránṣọ tó ọmọrí ìkòkò. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ara mi. Mo wọ awò ojú bàbá yín, mo kúnlẹ̀ tìrora tìrora, mo wá apá ọ̀tún, mo wá apá òsì. Àbúrò rẹ ló fi igi ìgbálẹ̀ nà án sí mi nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà. Ìyàwó. Kóró ata. Mo kọ́kọ́ rò pé ìdọ̀tí ni, mo fẹ́ ẹ́ lẹ́nu, kò lọ.

Ìgbà mẹ́sàn-án. Mo fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n wà nílé ọkùnrin kan, mo fọ ṣòkòtò gíríìsì, mo bímọ, mo sin ìyá rẹ̀ bí ìyá mi, ó sì dárúkọ mi lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án. Ohun tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà gba ìgbà méjìlélógójì.

Òun lo wá fẹ́ gbé kọ́ ara ògiri ilé ìkàwé ńlá ìlú yín ní ìparí oṣù yìí, kí àwọn tó wọ bàtà dídán máa kọjá níwájú rẹ̀, kí wọ́n ní bàbá yìí mà fẹ́ràn táyà o, ṣé ó tiẹ̀ láya nílé? O sì fi fọ́ọ̀mù sínú páìpù pé kí ìyá fọwọ́ sí i pé òun gbà, torí láìsí ọwọ́ mi wọn ò ní gbé e kọ́. O ya àpótí kékeré síbẹ̀, o kọ ọ́ sí i pé àtàǹpàkò ìyá. O ò tiẹ̀ fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ. Mo rí ìyẹn náà, mo fi pa mọ́.

Mo sọ fún ọ lórí fóònù pé àtàǹpàkò mi ò lọ síbì kankan títí tí roboto mi á fi wú. O ní kò ṣeé ṣe, pé iye ni iye, pé tí o bá fi kún un o ti purọ́ mọ́ bàbá. Mo ní ṣebí ìwọ lò ń pàṣẹ fún un, rọra sọ ọ́ sí i létí. O kọ̀. Bí mo ṣe ń gbóná lọ́wọ́, o tún mú ìlà kan wá tó wà nísàlẹ̀ ìwé, o ní òun lo fi wọ̀n bí gbólóhùn bàbá ṣe ń gùn sí lọ́dọọdún, pé ó ń lọ gẹẹrẹ, àmọ́ láti ọdún tí afẹ́fẹ́ ṣí òrùlé wa ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, tí kò gòkè mọ́. O ní ṣé ara bàbá ò yá lọ́dún yẹn ni. Ohun tí mo gbọ́ ni pé mo fi ebi pa bàbá rẹ. Mo fẹ́ pa fóònù, mi ò rí ibi tí wọ́n ń tẹ̀, ni mo bá kì í sábẹ́ ìrọ̀rí títí o fi sọ̀rọ̀ tán.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo ká ìwé náà, ó di ṣọ́ọ̀bù aránṣọ lódìkejì títì, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Abẹ́rẹ́-ò-sinmi. Mo fẹ́ mọ ohun tí obìnrin yẹn ń ṣe lẹ́nu ọkọ mi nígbà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Mo tẹ́ ìwé lé orí tábìlì rẹ̀, lórí aṣọ aláṣọ tó fẹ́ gé, mo fi ìka tẹ roboto rẹ̀. Ó fi píìnì sẹ́nu, kò tiẹ̀ yọ ọ́. Ó ní ìyàwó oníkẹ̀kẹ́, ṣòkòtò mélòó ni ọkọ yín ní. Mo ní méjì. Ó ní ẹ̀ẹ̀mélòó ni ṣéènì ń ya á lóṣù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka. Ó ní kí n jókòó. Ó ní ẹ̀yìn kọ́tìnì yẹn ni bàbá yín máa ń dúró sí, tí wọ́n á ró ìró mọ́dìí bí ìyàwó tuntun títí òun á fi rán ṣòkòtò tán, torí kí ojú má baà tì wọ́n ni wọ́n ṣe máa ń ké ewì fún maṣíìnì òun. Ó ní tí òun bá tiẹ̀ fẹ́ gba ọkọ ọlọ́kọ, ṣé oníṣòkòtò méjì lòun máa gbà, tí ó jẹ́ pé òun lòun lẹ̀ méjèèjì? Mo ti rẹ́rìn-ín tán kí n tó rántí pé ìjà ni mo bá wá.

O mọ̀ pé obìnrin yẹn ò lè rí ìlà kó má wọ̀n ọ́n. Ó fa téèpù ọrùn rẹ̀ yọ, ó tẹ́ ẹ sórí ìlà ìsàlẹ̀ yẹn, ó bi mí pé kí ni. Mo ro ẹjọ́ rẹ fún un, pé o ní ebi ni mo fi pa bàbá rẹ. Ó mi orí. Ó ní ẹni tí ara ò dá máa ń lọ sókè sódò ni, lónìí ó le, lọ́la kò le. Ó ní èyí ò ṣubú, ńṣe ló rọra ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní bí òun ṣe máa ń mú ìwọ̀n àgbà, tí òun á gé e kù fún ọmọdé nìyí, aṣọ ò ya, okùn ò tán, ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ ni ò ga. Ó ní ọmọ kékeré wo ló wà nílé yín lọ́dún tí afẹ́fẹ́ ṣí òrùlé.

Mo ní ìwọ ti wà níléèwé tí ẹ ń sùn sí. Mo ní àbúrò rẹ ò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, àmọ́ bọ́ọ̀lù nìkan lòun mọ̀, kò tiẹ̀ mọ̀ pé bàbá òun ń kọ nǹkan. Ó ní ta ló wá kù nínú ilé. Mo ká ìwé mi, mo jáde. Ó ń pariwo tẹ̀lé mi pé mo gbé ṣọ́ọ̀kì òun lọ. Òótọ́ ni, òun nìyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Wá gbọ́ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ọdún yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìwé kíkà. Ìwọ lo fà á. Nígbà tí o lọ sí iléèwé ọ̀nà jíjìn yẹn tí ò ń kọ lẹ́tà wálé, bàbá yín ló ń kà á fún mi, mo sì ṣàkíyèsí pé tí wọ́n bá ń kà á lọ, wọ́n á dúró, wọ́n á gbé nǹkan mì, wọ́n á tún máa lọ. Mo ní mo gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ọkùnrin yìí ń gbé mì. Mo mú ìwé a-b-d àbúrò rẹ, mo ń fi í wo ìwé ìkọ̀wé bàbá yín lọ́sàn-án, nígbà tí wọ́n bá wà lábẹ́ àtíbàbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ó pẹ́ kó tó yé mi, àmọ́ ó yé mi, mo sì ka gbogbo lẹ́tà rẹ. Oúnjẹ ò tó wa, bàbá, ẹ má sọ fún ìyá mi. Ohun tí wọ́n ń gbé mì nìyẹn. Ọdún méjìdínlógún ni mo ti mọ̀, mo kàn ń wò ọ́ ni. Ta lo rò pé ó ń fi àpò gààrí kejì kún ẹrù rẹ nígbà tó yá?

Mo délé, mo kó ìwé bàbá yín sílẹ̀, mo tò ó bí o ṣe fi nọ́ńbà sí i. Láti ìkíní dé ìkẹtàlá, bí èèrà tó rí ṣúgà ni, ọ̀rọ̀ gun ọ̀rọ̀, létà ń fi èjìká gbá létà. Títí di òní mi ò lè kà á. Mo ṣí ìkẹrìnlá. Létà dúró gbagidi, kálukú lórí ìdúró rẹ̀. Ìlà kan, ọ̀rọ̀ mẹ́rin, ọ̀rọ̀ márùn-ún. Mo ti máa ń rò pé ojú wọn ló ń bàjẹ́. Ojú wo, ojú tó ń rí ihò abẹ́rẹ́ lára táyà títí di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n lọ? Mo tún rántí pé tí ọ̀rọ̀ kan bá le fún mi, mo máa ń fi èékánná fa ìlà kékeré sábẹ́ rẹ̀ kí n lè padà sí i. Mo ṣí i wò. Ibi tí mo bá ti fa ìlà, ní ewé kejì tàbí ìkẹta, ọ̀rọ̀ yẹn náà á tún wá, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nínú ewì mìíràn, wọ́n á sì ya àwòrán sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àtùpà le fún mi, wọ́n ya àtùpà. Àkàbà le fún mi, wọ́n ya àkàbà. Mo rò pé oníbàárà ni ò sí, pé ọwọ́ wọn ló dilẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, abẹ́ àtíbàbà ni ìwé máa ń bá wọn lọ. Láti ọdún yẹn, ojú fèrèsé ni wọ́n ń fi í sí, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé jù. Tí wọ́n bá sì ń bọ̀ nílé, láti oríta ni wọ́n ti máa ń wúkọ́, ikọ́ gígùn, ikọ́ tí gbogbo àdúgbò gbọ́. Mo máa ń ráyè dá ìwé padà dáadáa kí wọ́n tó wọlé. Ọmọ mi, ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ń se oògùn ikọ́ fún bàbá yín, oògùn kíkorò bí ìbínú. Ife kan láràárọ̀. Wọ́n mu gbogbo rẹ̀. Wọn ò níkọ́ kankan.

Wọn ò sọ̀rọ̀, èmi náà ò sọ̀rọ̀. Mo rò pé mò ń jí i kà, wọ́n sì ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ dè mí. Kíkọ tí mò ń kọ yìí, agídí ni mo fi kọ́ ọ láti ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti lọ, mò ń da ìwé wọn kọ, ìdí tí létà mi fi jọ tiwọn nìyẹn, tí o bá wò ó dáadáa.

Torí náà, má fi nǹkan kan kún roboto mi. Jẹ́ kó wà bó ṣe wà. Ata kì í tóbi. Ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀, kí ló fẹ́ máa dárúkọ mi sí? Ajá náà, fi í sílẹ̀, ó ti kú. Ohun méjì ni mo fẹ́, mi ò sì ní gba ẹ̀bẹ̀ lórí rẹ̀. Ìkíní, kí o yọ ewì àna kúrò nínú búlúù kí o gbé e sí yẹ́lò, tí kọ̀ǹpútà bá kọ̀, fi ọwọ́ kùn ún. Ìkejì, níbi tí ìlà yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, kọ ọ́ síbẹ̀, kí ó hàn ketekete, pé níbí ni ìyàwó rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé.

Fọ́ọ̀mù rẹ wà nínú lẹ́tà yìí. Mo ti fagi lé àpótí àtàǹpàkò rẹ. Orúkọ mi ni mo kọ, odindi, ó yọ síta díẹ̀ lápá ọ̀tún torí o ò fi àyè tó sílẹ̀. Tí ọ̀gá ilé ìkàwé bá bèèrè ẹni tó kọ́ ìyá rẹ níwèé, sọ fún un pé ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ni.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, ti èèyàn méjì, torí Abẹ́rẹ́-ò-sinmi ti ní òun ń bọ̀, pé roboto òun tóbi ju tèmi lọ, ó sì yẹ kí ìlú rí i. Fi owó awò ojú kún un, ti bàbá yín ń yọ́ bọ́ lórí imú mi. Má gba báńkì. Ẹni tó ń pọ owó jáde nínú ògiri wọn yẹn ò fẹ́ràn mi, ó bèèrè nọ́ńbà àṣírí mi, mo sọ ọ́ sí i létí, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn mi gbọ́, òun nìkan ló tún ń bèèrè. Awakọ̀ tó gbé páìpù wá ni kí o fún. Kó sì gba páìpù náà padà lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń tún omi ṣe, ó ti fẹ́ lò ó.

Ọ̀nà á là fún ọ. Ohun tí o bá fi ọwọ́ rẹ ṣe, àwọn tí ojú wọn mọ́lẹ̀ ló máa rí i. Ilé tí wàá kọ́ á ní fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, Ọlọ́run á sì fún ọ ní ọkọ tó máa wúkọ́ láti oríta kó tó wọlé.

Èmi ni, ìyá rẹ, ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́.